Àmì Kan Láàárín Èjìká

Mosúnmọ́lá gbé ìgò bọ́tà ẹ̀pà wọlé lọ́sàn-án Sátidé,
ó ti fi ìṣó lu ìdérí rẹ̀ níhò mẹ́ta
kí àlejò rẹ̀ má baà kú.
"Bàbá, ẹ wo ìwo!"

Mo wo ìwo.
Ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jóná lẹ́yìn mi.

Ìwo tó gùn ju ẹni tó rù ú lọ,
tó tẹ̀ sẹ́yìn bí ọ̀pá ìpẹja méjì,
oríkèé lórí oríkèé,
dúdú díẹ̀, eérú díẹ̀, dúdú díẹ̀;
ó ń fi wọ́n tọ́ ara ìgò wò
bí afọ́jú tó ń wá ẹnu ọ̀nà nílé onílé.

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa ní Wọ́sítà mọ ohun tí ìwo lè mú wá.
Ọdún tí a kó dé, kò sí ibòji láti orí òkè títí dé ṣọ́ọ̀ṣì;
kùkùté ni mo kà, mo kà á dé mọ́kànlélógójì, mo dákẹ́.
Wọ́n ní kòkòrò kan ló ti òkèèrè wá nínú pákó àpótí ẹrù,
ó dúdú, ó ń dán bí bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹfun ta sí i lára.
Kò sẹ́ni tó bá kòkòrò ṣẹjọ́. Igi ni wọ́n gé.

Bí igi mépù Màmá Aldona ṣe yè, n ò mọ̀.
Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí;
ọkọ ti lọ, àkọ́bí wà ní Arisónà, kì í pè.

Mo fi ìka méjì mú kòkòrò náà.
Ó fi ọrùn ha èjìká, ó ké: kín-ín, kín-ín,
bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.
Ojú rẹ̀ kò rí roboto; ó tẹ̀ bí oṣù tuntun,
ó ká ìdí ìwo mọ́ra.
Ẹnu rẹ̀, ẹ̀mú kékeré; ó mú eékánná mi, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ṣé ẹni burúkú ni?"
N kò dáhùn.
Ìwé tí àwọn alábòójútó igi fi há ilẹ̀kùn wa sọ pé
ìwo a máa tanni jẹ;
kí a wo ibi tí ìyẹ́ méjèèjì ti pàdé lábẹ́ ọrùn.
Bí àmì funfun kan bá wà níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ni,
igi páínì tó ti kú ló ń jẹ.
Bí kò bá sí, ẹ pè wá.

Mo ti dúró báyìí rí,
ní pápákọ̀ òfuurufú Bọ́sítọ̀nù, lábẹ́ iná funfun,
ẹnìkan ń yí ìwé mi síhìn-ín sọ́hùn-ún,
ó ń wá àmì kan tí èmi fúnra mi kò mọ̀ bóyá mo ní.

Mo fi etí aṣọ nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀.
Kò dán. Ó rí bí idẹ tí wọ́n gbàgbé sójò.
Àti níbẹ̀, láàárín èjìká,
funfun, kò ju hóró iyọ̀ kan lọ.

Mosúnmọ́lá ní kí n má sunkún nítorí kòkòrò.
Mo ní èéfín ọbẹ̀ ni.

A tú u sílẹ̀ lórí ìtì páínì lẹ́yìn gáréèjì.
Ó na ìwo ọ̀tún, ó na tòsì,
ó ṣí apá líle, ó yọ ìyẹ́ rírọ̀ tó ká sábẹ́ rẹ̀,
ó fò lọ wúrúwúrú.

Lálẹ́ mo mú tọ́ọ̀ṣì lọ sídìí mépù.
Wọ́n ní ihò tí àjèjì yẹn ń gbà jáde, pẹ́ńsùlù á wọ̀ ọ́ géérégé.
Kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló ń gbé;
mo fọwọ́ pa èèpo igi náà yíká
bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tó ń gbóná.
Màmá Aldona ṣí fèrèsé. "Kí lò ń wá?"
Mo ní n ò tíì rí nǹkan kan.
"Ó dáa. Má rí i."
Ó ti fèrèsé.
Pẹ́ńsùlù ṣì há sí mi létí nígbà tí mo sùn.